Eyín Tó Pọ́n Kì í Ṣe Ẹ̀gbin: Omi Abẹ́ Ilẹ̀, Amọ̀, àti Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún tó kọjá, a kó búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín jọ fún àwọn ọmọdé tó wà ní pápá ìhìnrere tí ìjọ wa ń tì lẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ní Nàìjíríà. Àwọn míṣọ́nnárì wa ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Nínú fọ́tò náà, àwọn ọmọ bí ogún dúró yí kànga ẹ̀rọ ká, ìyẹn borehole tí ìjọ wa dáwó jọ gbẹ́ fún wọn ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń tú yàà. Ṣùgbọ́n eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pọ́n, bí eyín àgbàlagbà tó ti ń jẹ obì láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mo dìde ní gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ yìí ò rí ẹni kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ eyín." Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí, kò sí ẹni tó jà mí níyàn. Àpótí mẹ́ta la dì.

Mo dá àwọn ọmọ náà lẹ́jọ́ tí kì í ṣe tiwọn.

Dókítà eyín kan tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún fọ́tò yẹn wò. Ẹ wo bí àwọ̀ yẹn ṣe tò ní ìlà-ìlà. Bó ṣe rí ní eyín ọ̀tún ló rí ní tòsì. Ìdọ̀tí kì í tò báyẹn. Inú eyín ló ti wá, láti ìgbà tí eyín ṣì wà nínú ẹran ìdí rẹ̀. Kí ni wọ́n ń mu níbẹ̀?"

Kí ni wọ́n ń mu? Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń wàásù. Láti ọdún yìí wá, ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Kànga tiwa ni wọ́n ń mu. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó tíì yẹ omi rẹ̀ wò, nítorí pé ó mọ́ lójú bí omi òjò. Ìpàdé tó ń bọ̀ ló sì yẹ ká ti fọwọ́ sí owó kànga kejì.

A ní kí wọ́n bu omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àbọ̀ méjì ló padà wá. Èkíní ni pé fulọ́ráìdì tó wà nínú omi kànga náà ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà lọ. Èkejì ni pé kò sí kòkòrò àrùn nínú omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n omi yẹn kan náà, bó bá dé inú ìkòkò nílé, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá ti wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ìṣòro méjì la bá lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn wọn kò sì jọ ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú ìwé ìròyìn wa pé kí ó fún mi láyè láti ṣàlàyé ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà, pàápàá nípa amọ̀, tí àwọn ìyá wa ti ń fi tọ́jú omi kí wọ́n tó bí wa.

OHUN KAN NÁÀ, ÌWỌ̀N ỌTỌ̀Ọ̀TỌ̀

Fulọ́ráìdì kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Inú òkúta ló ń gbé. Bí òjò bá wọ ilẹ̀, tí omi rẹ̀ dúró pẹ́ láàárín irú àwọn òkúta kan, granite wà lára wọn, fulọ́ráìdì á máa yọ́ wọ inú omi náà díẹ̀díẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kì í sì í tọ́ ọ wò.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí fulọ́ráìdì náà ló wà nínú ọṣẹ ìfọyín wa? Báwo ni wọ́n ṣe ń fi sínú omi tiwa, tí a sì ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn?" Ìbéèrè gidi ni. Omi ẹ̀rọ tí à ń mu ní Atlanta, odò Chattahoochee ló ti ń wá, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń fi fulọ́ráìdì díẹ̀ sí i kí eyín má baà tètè jẹrà. Láti ọdún 2015, ìwọ̀n tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dámọ̀ràn ni 0.7 mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi mímu má ṣe kọjá ni 1.5, iye yẹn náà sì ni Nàìjíríà kọ sínú òfin omi mímu tirẹ̀. Ẹ rí i pé ààyè tó wà láàárín ohun tó ń ṣe eyín lóore àti ohun tó ń bà á jẹ́ kò tóbi. Bí oògùn ṣe rí náà nìyẹn. Ṣíbí kan lè wo ọmọ sàn, kí ìgò odindi gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá ti ní irú eyín yẹn rí. Ní ọdún 1901, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Frederick McKay dé ìlú Colorado Springs, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà tí eyín wọn pọ́n. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wá ìdí rẹ̀. Ọdún 1931 ni wọ́n tó fi àyẹ̀wò rí i pé fulọ́ráìdì inú omi ni. McKay sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn eyín tó pọ́n yẹn kì í sábà jẹrà. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣàǹfààní, ìlú Grand Rapids ní Michigan sì ni àkọ́kọ́ tó fi í sínú omi ìlú, ní 1945. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán ní Amẹ́ríkà. Ní 2025, ìpínlẹ̀ Utah àti Florida fòfin de fífi sínú omi ìlú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé èyí tó pọ̀ jù ń ba eyín ọmọdé jẹ́.

Láti ìgbà tí a bí ọmọ títí di bí ọdún mẹ́jọ ni ara rẹ̀ ń kọ́ òde eyín tó ń dán, èyí tí yóò lò títí ọjọ́ ogbó. Bí fulọ́ráìdì bá pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ ní àkókò yìí, àbàwọ́n funfun á kọ́kọ́ hàn lára eyín. Bó bá pọ̀ sí i, àbàwọ́n náà á pọ́n, eyín á sì máa dá ihò wẹ́wẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Níbi tí ó bá pọ̀ gidigidi, tí ènìyàn sì mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wọ eegun, orúnkún àti ọ̀pá ẹ̀yìn á sì máa le.

Ní Langtang, ní Ìpínlẹ̀ Plateau kan náà, àwọn onímọ̀ tí àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn tẹ ìwé ìwádìí jáde ní ọdún 2000 lórí irú eyín yìí. Ní agbègbè Bongo, lápá òkè orílẹ̀-èdè Ghana, òkúta granite ibẹ̀ ló ń kó fulọ́ráìdì sínú omi kànga, eyín àwọn ọmọ ibẹ̀ sì pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní apá kan Senegal, Kenya, Tanzania àti Ethiopia. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ojúgbà yín ní ilé ìwé tí eyín rẹ̀ rí báyìí, ẹ má ṣe fi ṣẹ̀sín. Ó lè jẹ́ pé omi tí àwọn òbí rẹ̀ fi ìfẹ́ bù fún un ló fà á.

ṢÉ WỌN Ò LÈ SE É NI?

Èyí ni ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e, òun náà ni èmi ì bá sì ti fi dáhùn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, "ẹ se omi yín" kì í jìnnà sí ẹnu mi. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi tó hó dáadáa ń pa kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru, ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ti onígbáméjì. Ṣùgbọ́n fulọ́ráìdì kì í kú, nítorí kò ní ẹ̀mí. Bí omi bá ń hó, omi ló ń gbẹ lọ, fulọ́ráìdì á sì kù nínú ìkòkò. Ohun tó kù nínú ìkòkò á tún wá ki jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Fífi aṣọ sẹ́ omi ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ìgbèríko nílé rántí sòbìà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní ọgbọ̀n ọ̀kẹ́, ìyẹn 600,000, ènìyàn tí a kà pé sòbìà ń yọ lẹ́nu ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Àjọ Carter Center, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà níbí ní Atlanta, wà lára àwọn tó bá a jà, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi sì wà lára ohun ìjà wọn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Asẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí pé ohun tó ń gbé kòkòrò sòbìà kiri nínú omi tóbi tó kí aṣọ dá a dúró. Bakitéríà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Fulọ́ráìdì ní tirẹ̀ ti yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́. Kò sí aṣọ tó lè dá iyọ̀ dúró nínú ọbẹ̀.

ÀMÙ ÀWỌN ÌYÁ WA

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àmù kan wà ní ìdí ògiri yàrá ìyá àgbà. Bí ó ti wù kí oòrùn mú tó, omi rẹ̀ tutù. Ara amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Omi díẹ̀ á máa là á kọjá, á máa gbẹ lára rẹ̀ níta, bí ó sì ti ń gbẹ, á máa gbé ooru lọ. Àmù náà ń làágùn bí ènìyàn ṣe ń làágùn. Ṣùgbọ́n àmù kì í pa kòkòrò àrùn. Ife tí gbogbo wa fi ń bu omi níbẹ̀, ọwọ́ ta ni kò kàn án? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi kànga wa nínú ìkòkò àwọn ará Plateau nìyẹn.

Ẹni tó sọ amọ̀ di asẹ́ ni Fernando Mazariegos, onímọ̀ kan ní Guatemala, ní ọdún 1981. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti yé ọmọdé. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ohun èlò tí yóò sọ ọ́ di bíi korobá, wọ́n á sì sun ún nínú iná tí ooru rẹ̀ sún mọ́ 900 digíríì Celsius. Lẹ́búlẹ́bú igi á jóná tán, àyè tó fi sílẹ̀ á wá di ojú ọ̀nà tóóró-tóóró fún omi. Wọ́n á fi fàdákà lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú omi kùn ún lára, nítorí fàdákà ń pa bakitéríà. Wọ́n á wá gbé korobá amọ̀ yìí sínú korobá oníke tó ní ìdérí lókè àti ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Lítà omi kan sí mẹ́ta ló sábà ń kán nínú rẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò ní ti ife bọ inú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ni Ron Rivera, ti ẹgbẹ́ Potters for Peace. Lẹ́yìn ìjì líle Mitch tó jà ní Nicaragua ní 1998, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn amọ̀kòkò ní orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn bí wọ́n ṣe lè máa fi amọ̀ ìlú wọn ṣe asẹ́ fún ara wọn. Ní 2008, ó wá sí Nàìjíríà fún iṣẹ́ yìí kan náà. Níbẹ̀ ni ibà ti kọ lù ú, ó sì kú ní Managua ní oṣù September ọdún náà, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n omi tí àwa ń mu ló gbé e wá sí ibi tí ikú ti pàdé rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò bá a kú. Ní abúlé Eweje, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá nítòsí Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Princeton nígbà náà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń lo asẹ́ amọ̀ àti bó ṣe kan ìlera wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011, orúkọ Rivera sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ní Cambodia, ìwádìí tí Joe Brown àti Mark Sobsey tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé ìgbẹ́ gbuuru fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nínú àwọn ilé tó ń lo asẹ́ amọ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Brown yìí tún kọ́ni ní Georgia Tech níbí lẹ́yìn náà. Ìwádìí kan náà sọ àléébù rẹ̀ fún wa. Lóṣooṣù, bí ilé méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pa asẹ́ náà tì, nítorí pé ó fọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Amọ̀ ṣì ni amọ̀.

Àléébù kejì ni pé fáírọ́ọ̀sì kéré débi pé ó lè gba ojú asẹ́ kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ pé níbi tí àrùn bá ti ń jà, kí wọ́n tún kán oògùn kílórínì sí omi náà lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ẹ tán.

BÍ AMỌ̀ ṢE Ń MÚ FULỌ́RÁÌDÌ

Ní báyìí, asẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe yìí, bó ti dára tó, kò ní mú fulọ́ráìdì kúrò tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí. Wọ́n á ra asẹ́, ọkàn wọn á balẹ̀, eyín ọmọ á sì máa pọ́n lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣe kẹ́místírì, tiyín nìyí. Ojú amọ̀ sábà máa ń ní iná tí àwọn olùkọ́ yín ń pè ní negative. Fulọ́ráìdì inú omi náà, negative ni. Àwọn méjì tó jọra á máa ti ara wọn dànù. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ń fi aluminium, irin tàbí magnesium kún amọ̀ láti yí ojú rẹ̀ padà, kí ó lè fa fulọ́ráìdì mọ́ra. Ní Yunifásítì Venda, ní Limpopo, lórílẹ̀-èdè South Africa, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá bí amọ̀ kan náà á ṣe gba fulọ́ráìdì kó tún pa kòkòrò àrùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tó wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ló dé tí fulọ́ráìdì fi ń lẹ̀ mọ́ eyín ọmọ? Nítorí pé ohun tí a fi mọ eyín àti eegun, tí wọ́n ń pè ní hydroxyapatite, fẹ́ràn fulọ́ráìdì púpọ̀. Bí ó bá kàn án, ó dì í mú nìyẹn. Soboyejo àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Yakub wá pò ohun yìí mọ́ amọ̀, wọ́n sun ún, wọ́n sì fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 pé àdàpọ̀ náà ń gba fulọ́ráìdì kúrò nínú omi. Ẹ gbọ́ ọ yé mi. Ohun tí ì bá lọ lẹ̀ mọ́ eyín ọmọ, wọ́n gbé nǹkan tó jọ eyín síwájú rẹ̀ kí ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn. Ní Kenya, Dáyósíìsì Kátólíìkì ti Nakuru ti ń lo ọgbọ́n yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú eegun màlúù tí wọ́n sun dúdú bí èédú, tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìjọ Ọlọ́run ni àwọn náà, wọ́n sì rí ìwádìí omi bí apá kan iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọn.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ìdọ̀tí bá dí asẹ́ kòkòrò, ẹ ó mọ̀, nítorí omi kò ní kán dáadáa mọ́. Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, á tún máa ṣiṣẹ́. Asẹ́ fulọ́ráìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè tó wà lára rẹ̀ níye. Bí àyè náà bá kún, omi á ṣì máa kán geere, á mọ́ lójú, á tutù, fulọ́ráìdì á sì máa bá a lọ láìdúró. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọjọ́ tó kún. Nítorí náà, ẹni tó bá fún abúlé ní asẹ́ fulọ́ráìdì láìfún wọn ní ẹni tí yóò máa yẹ omi wò àti ibi tí wọn yóò ti rí amọ̀ tuntun, ìgbàgbọ́ asán ló fún wọn.

OHUN TÍ A TI PINNU

A ti dá owó kànga kejì dúró. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn ìyá tó ti ń san tiwọn lóṣooṣù. Owó náà kò sọnù. Kànga àkọ́kọ́ kò sì jẹ́ àṣìṣe pátápátá. Kí a tó gbẹ́ ẹ, odò ni wọ́n ń mu, ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa ọmọ. Àwọn ọmọ tó wà nínú fọ́tò yẹn wà láàyè. Ṣùgbọ́n a ṣe ìdajì iṣẹ́, a sì pè é ní odindi.

Wọ́n á máa fi omi kànga náà fọṣọ, wọ́n á máa fi wẹ̀. Fún mímu àti fún oúnjẹ, a ó kọ́kọ́ ra táńkì tí yóò máa gba omi òjò láti orí páànù ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé, nítorí omi òjò kò bá òkúta gbé, fulọ́ráìdì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Asẹ́ amọ̀ oní-fàdákà ni wọn yóò fi sẹ́ ẹ nítorí kòkòrò àrùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kò bá sí, a ń wá ibi tí omi kànga rẹ̀ kò ní fulọ́ráìdì púpọ̀ nítòsí. Bí a kò bá rí, ìgbà yẹn ni a ó sọ ti asẹ́ tó ń mú fulọ́ráìdì, pẹ̀lú ẹni tí a ó máa sanwó fún láti yẹ omi wò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń dá owó kànga fún ìlú yín nílé láìgba ọwọ́ ìjọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin:

1. Ilé àyẹ̀wò wo ló yẹ omi náà wò, ṣé fulọ́ráìdì wà lára ohun tí wọ́n wò, yàtọ̀ sí kòkòrò àrùn?
2. Ta ni yóò tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún, owó rẹ̀ yóò sì ti ibo wá?
3. Bí omi bá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, inú kí ni wọ́n ń gbé e pa mọ́ sí nílé? Ṣé ó ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ?
4. Bí asẹ́ bá fọ́ tàbí tó kún, ibo ni wọn yóò ti rí òmíràn láìjẹ́ pé wọ́n dúró de Amẹ́ríkà?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà níbí pẹ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé jìnnà sí ìlú, tó jẹ́ omi kànga ti inú ọgbà yín lẹ ń lò, ìjọba kò ní bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ yín ló wà. Ọ́fíìsì Extension ti Yunifásítì Georgia tó wà ní káúńtì yín lè gba omi náà fún àyẹ̀wò, owó díẹ̀ ni. Fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọyín tó tó hóró ìrẹsì kan ni kí ẹ fi sí búrọ́ọ̀ṣì ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láti ọdún mẹ́ta dé mẹ́fà, kí ó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n tu ú dànù, kí wọ́n má gbé e mì nítorí pé ó dùn.

OMI JẸ́RÍKÒ

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejì, àwọn ará Jẹ́ríkò tọ wòlíì Èlíṣà lọ. Wọ́n sọ fún un pé ìlú àwọn dára, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ burú. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ nígbà púpọ̀, iyọ̀ àti àwo tuntun sì ni mo máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun méjì mìíràn ni mo rí. Àwọn ará ìlú náà kò fi ẹwà ìlú wọn bo àléébù omi wọn mọ́lẹ̀, òtítọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Èlíṣà pẹ̀lú kò dúró nínú ilé kó máa súre fún omi. Ó dìde, ó lọ sí orísun rẹ̀.

Àwọn búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Míṣọ́nnárì wa sọ fún mi pé ọmọ kan, tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi tirẹ̀ ha eyín láràárọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, nítorí ó gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní eyín òun dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló rìn jìnnà débẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí i. Mo sọ fún un pé eyín rẹ̀ kò dọ̀tí, pé àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè, àti pé omi mìíràn ń bọ̀.

Kí Olúwa jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ. Àmín.